Ẹ̀rọ̀ fún Oró: Ìtàn Ìlànà Lílo Mọ́fíìnì àti Ohun tí ó Jẹ́ fún Aláìsàn ní Ìníṣà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ìtàn ìwé ìlànà-ìlò tí ó máa ń bá mọ́fíìnì rìn. Mọ́fíìnì jẹ́ oògùn apàrora tí a ń lò fún ìrora tí ó le gan-an. Iṣẹ́ náà fi hàn pé àwọn gbólóhùn inú ìwé náà kò ṣàdédé wà, nítorí pé ẹ̀mí àwọn ènìyàn kan ni a fi kọ́ ẹ̀kọ́ inú wọn. Ó tọpa òfin tí ó de oògùn yìí ní Nàìjíríà láti ọdún 1935, ó sì fi ìlú Ìníṣà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wo bí oògùn náà ti jìnnà sí aláìsàn tó. Àbájáde iṣẹ́ yìí ni pé ìbẹ̀rù àṣìlò ni ó darí òfin wa ju àánú ẹni tí ó ń jẹ ìrora lọ. Nítorí náà, ẹni tí oògùn tọ́ sí kì í sábà rí i, ẹni tí kò tọ́ sí sì ń rí ìbátan rẹ̀ rà ní ìgboro. Iṣẹ́ náà gbà pé èdè Yorùbá àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní ipa láti kó nínú àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Òwe yìí fi hàn pé ojú kò lè rí ìrora ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Èdè Yorùbá kò tòṣì rárá ní ọ̀nà yìí. Egbò a máa ta ni, orí a máa fọ́ ni, inú a máa run ni, ìhà a máa gún ni, oríkèé a sì máa ro ni. Nígbà tí ìrora bá wá kọjá gbogbo èyí, tí kò jẹ́ kí ènìyàn rí oorun sùn, tí kò jẹ́ kí ó lè jẹun tàbí kí ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, oró ni Yorùbá ń pè é.

Bákan náà, Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin ìwòsàn àti ẹ̀rọ̀. Wọ́n gbà pé àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n bí a kò tilẹ̀ lè wo ikú, a ṣì lè wá ẹ̀rọ̀ fún ẹni tí ó ń lọ, bí a ti ń fi omi ìgbín tu ohun tí ó gbóná. Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn òde òní ń pè ní ìtọ́jú ìdẹ̀ra, èyí tí a ń ṣe fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́, kò ṣe àjèjì sí èrò yìí. Mọ́fíìnì sì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú àwọn oògùn tí a fi ń ṣe é.

Ìwé ìlànà-ìlò ni ìwé tí ó ń sọ irú àìsàn tí oògùn kan wà fún, ìwọ̀n tí a gbọ́dọ̀ lò, ẹni tí kò gbọdọ̀ lò ó, àti ewu tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í kà á. Èrò inú iṣẹ́ yìí ni pé ìwé ìtàn ni, ó sì yẹ kí a kà á bí ìwé ìtàn.

Agbègbè Ọ̀tìn kí mọ́fíìnì tó dé

Ìníṣà, tí Olúníṣà ń jọba lé lórí, wà nítòsí Òkukù tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn. Ìkìrun kò sì jìnnà sí wọn. Agbègbè yìí mọ oró dáadáa. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1878, ni ogun Jálumi jà ní Ìkìrun. Níbẹ̀ ni ọmọ-ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó sòdí, ti ṣẹ́gun àwọn Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n para pọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń sá lọ ni ó já sínú odò Ọ̀tìn. Láti ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ rẹ̀. Ìkìrun sì ni àwọn ará ìlú kan ní agbègbè yìí, pàápàá àwọn ará Òkukù, sá sí fún ààbò ní àkókò ogun wọ̀nyẹn.

Ẹni tí ọfà tàbí ìbọn bá bà ní ìgbà náà, ewé, egbò igi, òrí, àgbo àti ọ̀fọ̀ ni ó wà fún un. Àwọn tí ń to eegun mọ iṣẹ́ wọn, títí di òní ni a sì ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lè pa ìrora ẹni tí ọta ìbọn fọ́ ní eegun itan tán pátápátá kí ọkàn rẹ̀ sì ṣì mọ́ kedere. Ìfaradà ni a fi ń kún un.

Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba agbègbè yìí kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ní 1907 kan náà ni Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Báyìí ni ìṣègùn òyìnbó ṣe ń sún mọ́ agbègbè Ọ̀tìn. Oògùn tí ó lágbára jù fún ìrora nínú ìṣègùn náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún láyé ní àkókò yìí.

Bí mọ́fíìnì ṣe dé ayé, àti bí a ṣe kọ́ ìlànà rẹ̀

Oje òdòdó kan tí a ń pè ní ópíọ́mù ni orísun mọ́fíìnì. Ní nǹkan bí ọdún 1804 sí 1806 ni ọ̀dọ́ apoògùn kan ní Jámánì, Friedrich Sertürner, yọ èròjà tí ó ń pa ìrora jáde láti inú oje náà. Ó sọ ọ́ ní orúkọ Morpheus, òrìṣà àlá àwọn Gíríìkì. Sertürner dán an wò lára ara rẹ̀ àti lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta. Wọ́n lò ó léraléra láàrin àkókò kúkúrú, díẹ̀ ni ó sì kù kí ó pa wọ́n. Ìtẹ̀jáde rẹ̀ ti ọdún 1817 sọ ìrírí náà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú ìwé ìlànà-ìlò nìyẹn: ìwọ̀n tí ó kéré ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí a sì fún ara ní àkókò kí a tó tún fún un ní òmíràn.

Ẹ̀kọ́ kejì dá lórí bárakú. Ní 1827 ni ilé-iṣẹ́ Merck bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́fíìnì. Ní nǹkan bí 1853 ni abẹ́rẹ́ tí a ń gún sí abẹ́ awọ ara dé, oògùn náà sì wá rọrùn láti lò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ní 1898, ilé-iṣẹ́ Bayer mú oògùn kan jáde láti ara mọ́fíìnì, wọ́n pè é ní heroin, wọ́n sì polówó rẹ̀ fún ikọ́ gẹ́gẹ́ bí èyí tí kì í di bárakú. Ìrírí fi hàn pé òdìkejì ni òótọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta wá láti Amẹ́ríkà, ó sì jẹ mọ́ ìwé ìlànà-ìlò fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1995, àjọ tí ń mójú tó oògùn níbẹ̀ fọwọ́ sí OxyContin, tí ilé-iṣẹ́ Purdue ṣe. Ìwé ìlànà-ìlò rẹ̀ àkọ́kọ́ sọ pé wọ́n gbà gbọ́ pé bí oògùn náà ṣe ń wọ ara díẹ̀díẹ̀ yóò dín àṣìlò kù. Kò sí ìwádìí tí ó fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń polówó oògùn náà gbé e lọ bá àwọn dókítà. Ní 2001 ni wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò, tí wọ́n sì fi ìkìlọ̀ tí ó lágbára sí i. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ náà gbà ní ilé-ẹjọ́ pé àwọn ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà nípa oògùn náà. Owó tí wọ́n san lé ní 600 mílíọ̀nù dọ́là. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé ìlànà-ìlò kópa nínú àjálù tí ó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí.

Ẹ̀kọ́ kẹrin jẹ mọ́ àwọn ọmọdé. Ara àwọn kan máa ń yí codeine padà sí mọ́fíìnì ní kíákíá ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ọmọ kan kú nítorí èyí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ní 2017 ni àjọ oògùn Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní codeine tàbí Tramadol.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún yàtọ̀ sí àwọn tí ó ṣáájú, nítorí pé ti ìrètí ni. Ní 1967 ni Cicely Saunders dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tí ikú wọn ti sún mọ́. Ibẹ̀ ni a ti rí i kedere pé bí a bá fún aláìsàn ní mọ́fíìnì ní àkókò tí ó yẹ, kí ìrora tó padà dé, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, kì í sì í wá a kiri bí ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlànà kan jáde fún ìrora jẹjẹrẹ: kí a gba ẹnu lo oògùn, kí a máa wo aago, kí a sì gùn ún ní ìpele-ìpele, láti orí oògùn tí kò le dé orí mọ́fíìnì.

Ohun tí ìwé ìlànà-ìlò ń sọ

Bí a bá fi ìtàn òkè yìí ka ìwé ìlànà-ìlò mọ́fíìnì, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á yé wa. Ó sọ pé oògùn náà wà fún ìrora tí ó le, èyí tí oògùn tí kò tó o kò lè kápá. Ó sọ pé oníṣègùn gbọ́dọ̀ wọn ọ́n fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí ó sì dín in kù fún arúgbó àti fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tí ó jẹ́ olómi, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni a sábà ń lò ó. Oríṣi oníhóró kan wà tí a ń lò ní wákàtí méjìlá-méjìlá. A kò gbọdọ̀ fọ́ ọ tàbí kí a rún un lẹ́nu, nítorí pé ohun tí ó yẹ kí ara gbà díẹ̀díẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé náà kìlọ̀ pé inú aláìsàn á máa le, kò ní lè yàgbẹ́ bó ṣe yẹ; nítorí náà, oògùn tí ń mú inú rọ̀ gbọ́dọ̀ bá a rìn. Èébì àti oorun lè wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó léwu jù ni kí mímí lọ́ra, kí ó sì dáwọ́ dúró. Ìdí nìyí tí a kì í fi í fún ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà lọ́wọ́, tí a kò sì gbọdọ̀ mu ọtí tàbí oògùn oorun mọ́ ọn. Bí ó bá pọ̀ jù lára, ẹyinjú á sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Oògùn kan tí a ń pè ní naloxone sì ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń lò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ já a lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń dín in kù. A gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé àti àlejò kò ti lè tó o.

Òfin mọ́fíìnì ní Nàìjíríà

Ìpàdé àgbáyé tí ó wáyé ní ìlú Hague ní 1912 ni ó kọ́kọ́ so àwọn orílẹ̀-èdè pọ̀ láti de ópíọ́mù àti mọ́fíìnì. Nípasẹ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni ìjọba amúnisìn fi ṣe òfin oògùn eléwu ní Nàìjíríà ní 1935. Ní 1961, àwọn orílẹ̀-èdè tún ṣe àdéhùn kan ṣoṣo tí ó kó gbogbo ti ìṣáájú pọ̀. Àdéhùn yìí ní ẹsẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kìn-ín-ní ni pé kí a dènà àṣìlò. Ẹsẹ̀ kejì ni pé oògùn wọ̀nyí kò ṣeé má nìí fún ìrora, nítorí náà kí ìjọba kọ̀ọ̀kan rí i pé ó wà ní ìwọ̀n tí ó tó. Lọ́dọọdún, ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀n tí yóò lò ránṣẹ́ sí àjọ àgbáyé tí ń mójú tó o. Orílẹ̀-èdè tí ó bá kọ díẹ̀, díẹ̀ ni yóò rí kó wọlé.

Ẹsẹ̀ kìn-ín-ní ni Nàìjíríà fi rìn. Òfin ọdún 1984 tilẹ̀ fi ikú ṣe ìjìyà fún gbígbé oògùn olóró. Àjọ tí ń gbógun ti oògùn olóró, NDLEA, bẹ̀rẹ̀ nípa òfin ọdún 1989. NAFDAC tẹ̀ lé e nípa òfin ọdún 1993. Kò sí ẹni tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ wọn, nítorí pé ewu náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kejì rọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ìkóoògùnsí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, Èkó, ni ilé ìwòsàn jákèjádò orílẹ̀-èdè ti ń lọ ra mọ́fíìnì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni kò rìnrìn-àjò náà. Ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì ni ó sì kẹ́kọ̀ọ́ jáde láìrí mọ́fíìnì olómi sójú rí.

Àtúnṣe kò ṣàì bẹ̀rẹ̀. Ìyáàfin Ọlúṣọlá Fátúnmbí bẹ̀rẹ̀ Hospice Nigeria ní Èkó ní 1993. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa oògùn akunnilóorun ní ilé ìwòsàn UCH, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibùdó ìtọ́jú ìdẹ̀ra sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Àwọn apoògùn ilé ìwòsàn ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun mọ́fíìnì mọ́ omi, kí aláìsàn lè mu ún nílé. Ọ̀nà yìí kò wọ́nwó.

Síbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kéré jọjọ. Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ jábọ̀ ní 2017 pé nínú tọ́ọ̀nù 298.5 irú oògùn yìí tí a ń pín káàkiri ayé lọ́dún, tọ́ọ̀nù 0.1 péré ni ó ń dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tòṣì jù. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ohun tí ó ń dé Nàìjíríà kò ju ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àwọn aláìsàn rẹ̀ nílò lọ.

Láti Ìníṣà dé ibi tí oògùn wà

Kí a gbà, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, pé bàbá àgbẹ̀ kan ní Ìníṣà ní jẹjẹrẹ tí ó ti wọ eegun ẹ̀yìn. Oògùn tí a ń rà ní kẹ́mísì kò ràn án mọ́. Ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọn lè gún un ní abẹ́rẹ́ apàrora, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà á lọ lára lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó mọ̀ nípa mọ́fíìnì olómi, ó ṣeé ṣe kí ó kọjá Ìkìrun dé Òṣogbo, tàbí kí ó dé Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn. Ẹni tí eegun ẹ̀yìn ń ro kò lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ padà lọ gba òmíràn nígbà tí ìgò bá gbẹ. Àwọn aládùúgbò á máa wọlé, wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, ẹ kú ìfaradà." Ìkíni yìí dára, ó sì jẹ́ ara ìwà ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n kì í pa ìrora.

Ìrírí orílẹ̀-èdè Uganda fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ rí báyìí. Dókítà Anne Merriman bẹ̀rẹ̀ Hospice Africa níbẹ̀ ní 1993 pẹ̀lú mọ́fíìnì olómi. Ní 2004, ìjọba Uganda ṣe òfin tí ó fún àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ pàtàkì ní àṣẹ láti kọ ọ́ fún aláìsàn. Nọ́ọ̀sì wà ní ìletò tí dókítà kò sí. Ohun tí Uganda ṣe ni pé ó mú àṣẹ lọ bá aláìsàn níbi tí ó wà.

Ìhà kejì: Tramadol àti codeine

Ohun tí ó ṣòro nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìbátan mọ́fíìnì kún ìgboro. Tramadol, tí ilé-iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ṣe, kò lágbára tó mọ́fíìnì. Ìwé ìlànà-ìlò rẹ̀ sọ pé àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju mílígíráàmù 400 lọ lóòjọ́, ó sì kìlọ̀ pé àlòjù rẹ̀ lè fa gìrì. NAFDAC kò fọwọ́ sí hóró tí ó ju mílígíráàmù 100 lọ, ṣùgbọ́n hóró 200 àti 225 ni àwọn oníṣòwò jìbìtì ń kó wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń lò ó kí iṣẹ́ agbára má baà rẹ̀ wọ́n. Ní òpin oṣù Kẹrin, 2018, ètò kan tí BBC gbé jáde fi bí a ṣe ń ta oògùn ikọ́ oní-codeine hàn. Ní ọjọ́ kejì ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó codeine wọlé fún oògùn ikọ́. Ìwádìí tí ìjọba ṣe pẹ̀lú àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, tí a tẹ̀ jáde ní 2019, ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn mílíọ̀nù 4.6 ni ó lo irú oògùn yìí láìsí àṣẹ oníṣègùn láàrin ọdún kan.

Ẹ̀tẹ́ ní í gbẹ̀yìn àṣejù. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ojú ìtàn wò ó, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò gba oògùn wọn lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tí ń tọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ. Ẹrù fàyàwọ́ ni wọ́n ń rà. Nítorí náà, dídí ọ̀nà mọ́fíìnì mọ́ bàbá inú àpẹẹrẹ wa ní Ìníṣà kò gba ọ̀dọ́ kankan là.

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá

Ìwé ìlànà-ìlò tí ó wà nínú páálí oògùn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ìyàwó bàbá náà, tí yóò máa wọn oògùn fún un lóru, lè má ka Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá fọ́ hóró tí a kò gbọdọ̀ fọ́, ewu ni. Bí ó bá sì gbọ́ ní àdúgbò pé mọ́fíìnì ni wọ́n fi ń pa ènìyàn, ó lè da ìgò náà nù kí oró sì padà. Àìmọ̀kan ni ó wà nídìí méjèèjì.

Àwọn olùkọ́ tí a ń kọ́ lọ́wọ́ lónìí ni yóò kọ́ àwọn ọmọ Ìníṣà, Òkukù àti Ìkìrun ní ọ̀la. Kíláàsì àkàyé lè lo ìwé ìlànà-ìlò oògùn tí a ti túmọ̀. Kíláàsì àrokò lè bèèrè bí a ṣe ń ṣàpèjúwe ìrora fún nọ́ọ̀sì: ibo ni, irú wo ni, ìgbà wo ni ó ń dé, kí ni ó ń mú un rọlẹ̀? Àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá sì lè bá àwọn apoògùn ṣiṣẹ́ pọ̀ láti kọ ìlànà ìlò sí èdè tí ìyá àgbà yóò gbọ́ yé. Ọ̀rọ̀ tí a nílò ti wà nílẹ̀ nínú èdè wa. Ìṣọ́ra ni ó kù, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan tí a bá ṣì túmọ̀ lè pa ènìyàn, bí gbólóhùn kan ti ṣe ní Amẹ́ríkà.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìlànà lílo mọ́fíìnì jẹ́ àkójọ ẹ̀kọ́ igba ọdún. Nínú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, mélòó kan kìlọ̀ fún wa kí oògùn má pa wá. Ọ̀kan sì sọ fún wa pé kí a má fi ìrora pa ẹni tí oògùn tọ́ sí. Nàìjíríà gbọ́ ti ìkìlọ̀, kò tíì gbọ́ ti ìkejì tán. Ohun tí ó yẹ ni kí ìjọba kọ ìwọ̀n tí ó bá òtítọ́ mu ránṣẹ́ lọ́dọọdún, kí mọ́fíìnì olómi dé ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀, kí a kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ìlò rẹ̀, kí ìlànà rẹ̀ sì wà ní èdè Yorùbá. Àwọn tí wọ́n já sínú odò Ọ̀tìn ní 1878 kò rí ẹ̀rọ̀ nítorí pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn tí ń jẹ oró lónìí ní etí odò kan náà kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ̀ ti wà.